Ọpẹ́ tí Yèyé mi ń dá lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì

Ẹ̀yin ará, ọ̀pọ̀ wa gbà pé ìgbà tí oore bá dé tán ni ọpẹ́ kàn. Ìtàn adẹ́tẹ̀ mẹ́wàá inú Lúùkù 17 la sáà máa ń gbọ́ lọ́jọ́ ọrẹ ìdúpẹ́: ara ọ̀kan nínú wọn ti dá kó tó padà wá. Yèyé mi kì í dúró dìgbà yẹn.

Iṣu ni wọ́n ń tà lọ́jà Atákúmọ́sà, níbí ní Iléṣà. Nígbà tí àrùn rọpá-rọsẹ̀ dá Bàbá wa dùbúlẹ̀, ilé ìwòsàn kan nínú ìlú la gbé wọn lọ. Apá òsì kò ṣeé gbé, ẹnu wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Àwa ọmọ ń gbààwẹ̀, à ń pariwo pé kí Olúwa dìde. Àmọ́ bí Yèyé bá di ọwọ́ Bàbá mú lálẹ́, ohun tí wọ́n ń sọ ni pé: “Olúwa, mo dúpẹ́ pé bàbá àwọn ọmọ mi gbé ẹ̀kọ mì lónìí, kò há wọn lọ́fun. Mo dúpẹ́ nítorí nọ́ọ̀sì tó yí wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ padà kí ẹ̀yìn wọn má baà bó. Mo dúpẹ́ nítorí ọlọ́kadà tó gbé mi wá tí kò gbowó.” Wọ́n á kà á títí, kí wọ́n tó wá tọrọ ẹyọ ohun kan ṣoṣo: “Jẹ́ kí wọ́n tún pe orúkọ mi.”

Obìnrin tó ń tọ́jú aláìsàn kejì bi wọ́n pé, “Màmá, kí lẹ rí tí ẹ ń dúpẹ́ sí?” Wọ́n ní kó lọ ka Jòhánù orí 11. Wọ́n ti gbé òkúta kúrò lẹ́nu ibojì, Lásárù ṣì ń bẹ nínú rẹ̀, ọjọ́ kẹrin rẹ̀ nìyẹn. Jésù gbójú sókè, Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Baba pé Ó gbọ́ tòun, kó tó pe òkú jáde.

Inú ìjọ ni wọ́n bí mi sí, n kò sì gbọ́ irú àlàyé yẹn lórí pẹpẹ rí. Ìlú tí ìsọjí Òkè-Ooye ti bẹ́ sílẹ̀ ní 1930 lábẹ́ Wòlíì Ayọ̀ Babalọlá kì í ṣàjèjì sí àdúrà kíkan. A mọ ẹ̀bẹ̀ í bẹ̀. Ṣùgbọ́n “pẹ̀lú ìdúpẹ́” ni Pọ́ọ̀lù wí nínú Fílípì 4:6, nínú ìdè ló sì ti kọ ìwé náà.

Bàbá pe orúkọ wọn. Kò já geere, àmọ́ Yèyé gbọ́ ọ, wọ́n sì dáhùn. Bàbá fi ọ̀pá rìn padà wọlé, a jọ wà fún ìgbà díẹ̀ kí wọ́n tó sùn nínú Olúwa.

Níbi ìsìnkú làwọn kan ti ń sọ fún Yèyé pé kí wọ́n má sunkún, kí wọ́n sáà máa dúpẹ́. Ó dùn mí gan-an. Nínú orí 11 kan náà, ẹsẹ 35 ni Jésù ti sunkún, ẹsẹ 41 ló tó dúpẹ́. Ta ni àwa tí a fẹ́ fo èyí àkọ́kọ́ fún opó?

Yèyé sunkún, a ò sì dá wọn lẹ́kun. Nígbà tó yá, àwọn fúnra wọn tún bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọpẹ́ láàárọ̀: iṣu tó tà, orúnkún tí kò dùn wọ́n mọ́jú, ọmọ-ọmọ tó yege ìdánwò. Èmi náà ń ṣe é pẹ̀lú àwọn ọmọ mi báyìí kí ẹnikẹ́ni tó tọrọ nǹkan kan, oníkálukú á sì dárúkọ tirẹ̀.