Fúláàtì Mi Ti Ṣófo fún Oṣù Mẹ́wàá: Ẹ Bá Mi Sọ Ìrírí Tiyín

Ìyá Àkóbọ̀
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin onílé àti ayálégbé. Fúláàtì mẹ́rin, oníyàrá mẹ́ta mẹ́ta, ni èmi àti ọkọ mi kọ́ sí Àkóbọ̀ n'Ìbàdàn níbí. Láti ọjọ́ tí a ti ń ra ilẹ̀ náà ni ọkọ mi, tí Ọlọ́run ti pè báyìí, ti ń sọ pé ilé yẹn ni a óò máa jẹ nígbà ogbó wa, kí á má baà máa wo ọwọ́ àwọn ọmọ. Mẹ́ta nínú rẹ̀ ní ayálégbé. Ẹ̀kẹrin ti ṣófo fún oṣù mẹ́wàá, nítorí pé ₦800,000 lọ́dún ni mo dá lé e, àwọn tó ń wá wò ó kò sì kọjá ₦650,000. Mo mọ iye tí ilé náà gbà lọ́wọ́ wa, mo sì mọ irú táìsì tí ọkọ mi rà sínú rẹ̀. Kí ni ẹ̀yin ṣe nígbà tí irú èyí dé bá yín?

Ọmọ Mọ́kọ́lá
Mà, ẹ gba ₦650,000 náà kí ilẹ̀ òní tó ṣú.

Bàbá Onílé, Ilé-Ifẹ̀
Kí á má ṣe kánjú dá Ìyá lóhùn báyẹn, nítorí pé ẹni tí kò kọ́lé rí kò lè mọ bó ti ń dun ni tó kí ènìyàn dúró sínú ilé ẹni kó máa ná an bí ẹni ń ná iṣu lọ́jà. Ní tèmi, yàrá mẹ́rìndínlógún ni mo kọ́ sí ẹ̀bá Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, mo sì kọ ọ́ sára pátákó iwájú ilé pé akẹ́kọ̀ọ́ nìkan ni mo ń gbà. Àfojúsùn mi ni pé, níwọ̀n ìgbà tí yunifásítì bá ṣì wà níbẹ̀, yàrá mi kò lè ṣófo láéláé. Ọdún 2020 ló kọ́kọ́ dán mi wò, nígbà tí àwọn olùkọ́ yunifásítì daṣẹ́ sílẹ̀ ní oṣù Ẹrẹ́nà, tí àrùn Kòrónà sì ti gbogbo ilé ẹ̀kọ́ pa, tó fi di apá ìparí oṣù Ọ̀pẹ kí wọ́n tó so ìyanṣẹ́lódì náà rọ̀. Mo rò pé ó ti tán. Ní ọjọ́ 14 oṣù Èrèlé ọdún 2022, wọ́n tún gùn lé e, ó sì di ọjọ́ 14 oṣù Ọ̀wàrà: oṣù mẹ́jọ gbáko.

Láàárín ìgbà náà, obìnrin aránṣọ kan àti ọkùnrin olùkọ́ kan wá bá mi, olúkúlùkù fẹ́ gba yàrá méjì. Mo dá wọn padà. Mo ní ilé akẹ́kọ̀ọ́ ni èyí, n kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni wá máa fi ẹ̀rọ ìránṣọ dí kọ́rídọ̀ mi. Ìgbéraga ni, n kò fi pa mọ́ fún yín. Onílé tó kọjú sí mi gbà wọ́n, wọ́n sì wà lọ́dọ̀ rẹ̀ títí di òní yìí. Nígbà tí mo ṣí ilé tèmi ní oṣù Ọ̀wàrà, ikán ti jẹ férémù ilẹ̀kùn mẹ́ta láti ìsàlẹ̀ dé ibi kọ́kọ́rọ́. Ọ̀dà òde rẹ̀ nìkan ló ṣẹ́kù tó dúró bí igi. Mo fi ìka kàn án báyìí, ìka mi wọlé.

Ájéńtì Bódìjà
Òótọ́ pọ́ńbélé ni Bàbá sọ. Ẹ jẹ́ kí n bá Ìyá ṣírò rẹ̀. Bí a bá pín ₦650,000 sí oṣù méjìlá, ó lé ní ₦54,000 lóṣù. Oṣù mẹ́wàá ti kó nǹkan bí ₦541,000 lọ. Ìyàtọ̀ tí Ìyá ń dù kò ju ₦150,000 lọ lọ́dún, nítorí náà bí ẹni tí yóò san ₦800,000 bá tilẹ̀ dé lọ́la, ó di ẹ̀yìn ọdún mẹ́ta àti ààbọ̀ kí ìyàtọ̀ náà tó dí ihò tó wà nílẹ̀ báyìí.

Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ onílé kì í kíyè sí. Omi tó máa ń dúró nínú àwo ìgbọ̀nsẹ̀ àti nínú páìpù abẹ́ balùwẹ̀ ni kì í jẹ́ kí òórùn sọ́kàwéè gòkè wọlé. Bí ilé bá wà ní títì fún ìgbà pípẹ́, omi yẹn yóò gbẹ. Mo mú tọkọtaya kan lọ wo fúláàtì tó dára rí. Ẹsẹ̀ wa kò tíì kọjá ẹnu ọ̀nà tí ìyàwó ti fi ìborùn bo imú, tó ní nǹkan kan kú sínú ilé náà. Kò sí ohun tó kú. Garawa omi kan ni ẹnikẹ́ni kò dà síbẹ̀ láti oṣù márùn-ún.

Ọmọ Mọ́kọ́lá
Ẹ̀yin ájéńtì náà wà lára ohun tó ń mú kí ilé ṣófo. Ẹni tó bá tu ₦650,000 jọ, ẹ óò tún gba ìdá mẹ́wàá tiyín, ẹ óò gba ìdá mẹ́wàá fún àgíríméǹtì, ìyẹn ₦130,000, kí á tó dé orí owó tí onílé ń gbà sílẹ̀ nítorí ohun tó bá bàjẹ́.

Ájéńtì Bódìjà
Arákùnrin mi, mo lè mú ènìyàn kan wo ilé mẹ́sàn-án kó má gba ìkankan, epo ọkọ̀ náà kò sì fò wá láti ojú ọ̀run.

Tíṣà Ìkòròdú
Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ti ìdá mẹ́wàá sílẹ̀ ná, nítorí pé owó nìkan kọ́ ni onílé fi ń lé ayálégbé sá. Ẹni ọdún 34 ni mí, olùkọ́ ni mí, owó ilé ọdún kan sì wà lọ́wọ́ mi. Onílé àkọ́kọ́ tí mo lọ bá ní òun kì í fún obìnrin tí kò lọ́kọ nílé. Ìkejì ní kí n lọ mú ọkùnrin kan wá, ìbáà jẹ́ àbúrò mi, kí ó wá fọwọ́ sí ìwé. Ìkẹta ní ọdún méjì ni òun ń gbà lẹ́ẹ̀kan, bẹ́ẹ̀ òfin ìyálégbé Ìpínlẹ̀ Èkó ti ọdún 2011 kò gbà pé kí onílé gba ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun. Iwájú ilé ti àkọ́kọ́ yẹn ni mo ń gbà lọ síbi iṣẹ́ láràárọ̀. Ó ti di oṣù méje. Pátákó tó fi ń wá ayálégbé ṣì wà lára gẹ́ẹ̀tì, òjò ti fọ nọ́ńbà fóònù ara rẹ̀ dànù.

Alàájì Agége
Tíṣà, ẹ má bínú sí wa. Ẹni tí ejò bá bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, sísá ni yóò sá. Mo gba ayálégbé kan tó san owó ọdún kìíní pé, tí kò sì san kọ́bọ̀ fún ọdún méjì lẹ́yìn rẹ̀. Mo fún un ní ìwé ìkìlọ̀ olóṣù mẹ́fà bí òfin ti wí, mo tún fún un ní ti ọlọ́jọ́ méje, kí a tó bẹ̀rẹ̀ sí í pààrà kóòtù. Láti ìgbà náà ni mo ti ń ṣọ́ ẹni tí mo ń gbà, kò sì sí ẹni tó lè fi ìyẹn bá mi wí.

Tíṣà Ìkòròdú
Alàájì, ẹ̀yin tí mo bọ̀wọ̀ fún, ṣé obìnrin tí kò lọ́kọ ni ayálégbé náà?

Alàájì Agége
Rárá. Baálé ilé ni, ó ní ìyàwó àti ọmọ mẹ́ta.

Bàbá Onílé, Ilé-Ifẹ̀
Alàájì, ẹ tún èyí tí ẹ kọ yìí kà lẹ́ẹ̀kan sí i. Ibi iṣẹ́ ẹni àti ọ̀rọ̀ tí onílé rẹ̀ àtijọ́ bá sọ nípa rẹ̀ ni mo ń wádìí nísinsìnyí.

Ọmọ Ẹ̀gbá ní Lọ́ńdọ̀nù
Ilé tó ṣófo jù lọ tí mo mọ̀ ni ilé bàbá wa ní Abẹ́òkúta. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni, yàrá mẹ́jọ lókè, mẹ́jọ nísàlẹ̀. Bàbá wa kọ́ ọ kí gbogbo wa lè máa gbé ibẹ̀ pẹ̀lú ìyàwó àti ọmọ; nínú àwa méje tí a bí, kò sí ẹnì kankan tó ń gbé ibẹ̀. Mo dábàá pé kí á fi ìsàlẹ̀ ṣe yàrá-àti-pálọ̀ mẹ́rin, kí owó rẹ̀ máa tún òrùlé ṣe. Ẹ̀gbọ́n mi ní a kò ní sọ ilé bàbá di ilé ayálégbé lójú òun. Wọ́n kọ "Ilé yìí kì í ṣe títà" gàdàgbà sára ògiri, òjò sì ń wọ yàrá tí bàbá kú sí. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí, bí ilé bá ṣófo, owó tí ìjọba ìbílẹ̀ ń gbà lórí ilé, tí ayálégbé ì bá máa san, orí onílé ló ń padà sí. Bó bá sì kọjá ọdún kan láìsí ènìyàn, láìsí ẹrù nínú rẹ̀, ìjọba ìbílẹ̀ lè sọ ọ́ di ìlọ́po méjì. Kò sí onílé tó ń fi ìyẹn yangàn.

Ìyá Àkóbọ̀
Mo ti ka gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ti ẹ̀gbọ́n yín lórí ilé Abẹ́òkúta yẹn ló wọ̀ mí lára jù, nítorí pé kì í ṣe ₦150,000 ni mo ń dù, bí mo bá fẹ́ sọ òtítọ́. Ó ń ṣe mí bí ẹni pé ẹni tó bá dín owó náà kù ń sọ pé iṣẹ́ ọkọ mi kò tó bẹ́ẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló dúró ti bíríkìlà títí wọ́n fi lẹ táìsì ìkẹyìn. Àmọ́ ilé tí òun fẹ́ kí n máa jẹ, oṣù mẹ́wàá rèé tí n kò tíì jẹ nínú rẹ̀.

Mo lọ ṣí i lánàá. Bí Ájéńtì ti wí gan-an ni mo bá a: àwo ìgbọ̀nsẹ̀ gbẹ táútáú, agbọ́n sì ti kọ́lé sí igun fèrèsé ilé ìdáná. Mo da garawa omi mẹ́rin síbẹ̀. Púlọ́ḿbà ń bọ̀ lọ́la. Àwọn tó fẹ́ san ₦650,000 nígbà náà ti rí ilé sí Mọ́nátán, wọ́n ní kí n má bínú. Ájéńtì, bí ẹlòmíràn bá wà lọ́wọ́ yín, ìbáà ṣe obìnrin tó ń dá gbé, ẹ mú un wá ní Sátidé lẹ́yìn aago mẹ́rin, nítorí pé ìpàdé ẹgbẹ́ ìyá wà láàárọ̀.

Ájéńtì Bódìjà
Mo gbọ́, mà. Nọ́ọ̀sì kan wà tó ń wá ilé sí apá ibẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣí gbogbo fèrèsé sílẹ̀ láti òwúrọ̀.