Padé, tì, dí: ìjà mi lórí ilẹ̀kùn kúlóráìdì

Ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ o, ẹ̀yin ará. Ẹ jọ̀ọ́, mo pẹ́ kí n tó dá sí àríyànjiyàn wa lórí àkójọ ọ̀rọ̀ sáyẹ́ǹsì tá a jọ ń ṣe lédè Yorùbá, iná ni ò sí. Ẹ̀gbọ́n wa kan ní ká máa pe ibi tí áyọ́ọ̀nù kúlóráìdì (ọ̀kan nínú ohun méjì tó para pọ̀ di iyọ̀, ó ní iná lára) ń gbà kọjá lára awọ sẹ́ẹ̀lì ní "ihò kúlóráìdì", ẹlòmíì ní rárá, "ìgèrè kúlóráìdì" ló dùn létí jù. Èmi ọmọ Ẹpẹ́ rèé, tí wọ́n bá ti dárúkọ ìgèrè mi ò lè dákẹ́. Ẹja tó bá wọ ìgèrè ò jáde mọ́, torí ẹ̀ ni wọ́n ṣe hun ún. Kúlóráìdì ò rí bẹ́ẹ̀ jàre. CFTR, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀nà rẹ̀, òun kan náà tó ń tú u síta sínú ìfun ló tún ń gbà á wọlé padà nínú ọ̀nà òógùn, ìdí nìyẹn tí òógùn ọmọ tó bá ní cystic fibrosis, àìsàn àbímọ́ tó ń ba CFTR jẹ́, fi máa ń níyọ̀ ju ti ẹlòmíì lọ. Ibi tí kúlóráìdì ti pọ̀ jù àti iná tó wà lára awọ sẹ́ẹ̀lì ló ń pinnu apá ibi tó máa gbà, ọ̀nà yẹn ò fa nǹkan kan, kò sì ti nǹkan kan.

"Ihò" náà ò tẹ́ mi lọ́rùn. Ihò eku ò ní ilẹ̀kùn. Neher àti Sakmann tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1991 ló jẹ́ ká rí ẹyọ kan ṣoṣo níbi tó ti ń ṣiṣẹ́: iná kékeré tó ń gbà á kọjá á tàn, á kú, á tún tàn. Nǹkan tó ń ṣí tó ń padé báyẹn, ilẹ̀kùn ni mò ń pè é.

Ṣùgbọ́n ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ ná, orúkọ kọ́ ni mo tìtorí ẹ̀ jókòó. Nínú àkójọ ọ̀rọ̀ tá a jọ ń ṣe yìí, gbogbo ohun tí ò bá ti ṣí, "títì" lẹ kọ síwájú ẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti fẹ́ bá yín jà.

Ìyá mi ń ta ẹja lọ́jà Olúwo. Tó bá fẹ́ sáré lọ gba ẹja létí omi, á ní "pa ilẹ̀kùn yẹn dé, má tì í o, mò ń bọ̀." Lọ́jọ́ tí mo gbàgbé tí mo fi àgádágodo sí i, tó wá dé tòun ti agbọ̀n ẹja lórí, omi ẹja ń ro sí i lọ́rùn, kọ́kọ́rọ́ sì wà lápò mi níbi tí mo ti ń jẹ ẹ̀wà, ẹ ò ní fẹ́ gbọ́ ohun tí mo gbọ́ lọ́jọ́ náà. Gọ́tà iwájú ìsọ̀ wá ńkọ́? Ìpẹ́ ẹja ló máa ń dí i. Kò sẹ́ni tó máa sọ pé gọ́tà tì.

Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí náà ló wà nínú sẹ́ẹ̀lì. Ẹ wo CFTR, tí Tsui, Riordan àti Collins rí jíìnì ẹ̀ ní 1989. Tí iṣẹ́ ò bá sí, títì ló wà, apá kan lára ẹ̀ tí wọ́n ń pè ní R ló dábùú ẹ̀ bí ọ̀pá ìlẹ̀kùn. Énsáìmù PKA, òṣìṣẹ́ kan nínú sẹ́ẹ̀lì, á wá lẹ fọ́sífétì mọ́ R yẹn lára, ọ̀pá á yẹ̀. Kò tì mọ́ nìyẹn, àmọ́ kò tíì ṣí o! Ó ṣì padé. ATP méjì, èròjà tí sẹ́ẹ̀lì fi ń gba agbára, ló máa bọ́ sáàárín ọwọ́ ẹ̀ méjèèjì tó wà nínú sẹ́ẹ̀lì, ọwọ́ á pàdé, ilẹ̀kùn á ṣí. Tó bá ti fọ́ ọ̀kan nínú ATP náà, ọwọ́ á tú, ilẹ̀kùn á padé. (Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ká yéé yọ ara wa lẹ́nu lórí àmì ohùn, ẹ kà á lẹ́ẹ̀kan sí i: ọwọ́ pàdé, ilẹ̀kùn ṣí, ọwọ́ tú, ilẹ̀kùn padé. Ẹ yọ àmì kúrò kẹ́ ẹ wò ó.)

Onígbáméjì gan-an, ibẹ̀ ló ti ń jà. Oró kòkòrò ẹ̀ ò jẹ́ kí PKA sinmi, ọ̀pá ò padà sáyè ẹ̀, kúlóráìdì ń ya sínú ìfun, sódíọ̀mù tẹ̀lé e, omi tẹ̀lé àwọn méjèèjì. Omi iyọ̀ àti ṣúgà tá a ń fún aláìsàn mu ò ti ilẹ̀kùn yẹn o, ẹnu ọ̀nà míì tí ṣúgà òun sódíọ̀mù jọ ń gbà wọlé ló ń lò.

Dídí wá ńkọ́? Májèlé picrotoxin, inú ọ̀nà kúlóráìdì tí GABA (èròjà tí sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ fi ń ránṣẹ́ síra wọn) ń ṣí ló ń lọ jókòó sí, ìpẹ́ inú gọ́tà nìyẹn. Ẹnì kan ní strychnine, májèlé míì, náà ń dí ti glycine, èròjà tó ń jíṣẹ́ bíi GABA. Ojú kọ́kọ́rọ́ ló dí o, ibi tí glycine ìbá dúró sí, ọ̀nà fúnra ẹ̀ ò ní nǹkan kan nínú. Gìrì ni àwọn méjèèjì ń fà, àmọ́ ẹ má kọ wọ́n sójú kan.

Ẹnì kan tún bi mí pé ṣé ilẹ̀kùn kan lè padé kó tún tì. Bẹ́ẹ̀ ni o. Ẹja kan wà nínú òkun, Torpedo, iná ló fi ń ja èèyàn bíi ti òjìjí tiwa. Ara ẹ̀ ni onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Jentsch àtẹgbẹ́ ẹ̀ ní Jámánì ti rí jíìnì ClC-0, ilẹ̀kùn kúlóráìdì míì, ní 1990. Ọ̀nà méjì ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kálukú ní ilẹ̀kùn kékeré tiẹ̀ tó ń ṣí tó ń padé wéré wéré láìbi èkejì, géètì ńlá kan sì wà tó máa ń rọra ti àwọn méjèèjì mọ́lé pa pọ̀. Bí ojúlé méjì nínú àgbàlá kan ṣe rí gẹ́lẹ́ ni.

Èyí tó wá sú mi rèé. Tí GABA bá pẹ́ jù lára ilẹ̀kùn ẹ̀, ilẹ̀kùn yẹn ò ní ṣí mọ́, bẹ́ẹ̀ kọ́kọ́rọ́ ṣì wà nínú ẹ̀ o. Ìgbà tí GABA bá kúrò tó sinmi díẹ̀ ló tó tún máa gbọ́ràn. Kì í ṣe padé, kì í ṣe dí. Mo ti rò ó pé bóyá "há", àmọ́ ilẹ̀kùn tó há, èjìká la fi ń ti irú ẹ̀, èyí ò sì fẹ́ kẹ́nikẹ́ni fọwọ́ kan òun. Ẹ̀yin ará Ìkòròdú àti Badagry, kí lẹ máa ń pe irú ilẹ̀kùn bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ yín?