Ẹ gbà mí o, "àkùkọ" tí mo tà ti yé ẹyin

Ìyá Ẹlẹ́yin, Ìbàdàn: Ẹ kú ojúmọ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín. Láti ìjẹta ni ìyàwó onílé wa kò ti kí mi dáadáa mọ́. Onílé fúnra rẹ̀ ò jẹ́ ká rímú mí: ó ti fowó kún owó ilé, ó ti da sìmẹ́ǹtì sí gbogbo àgbàlá tí adìẹ mi ti ń tan kòkòrò jẹ, owó oúnjẹ adìẹ ò sì ṣeé sọ. Baálé mi ní kí n kó gbogbo wọn tà. Ṣé òun kì í jẹ nínú ẹyin náà ni?

Ohun tó ṣẹlẹ̀ rèé. Mo ní àgbébọ̀ dúdú méjì, àwọn ẹlẹ́yin òyìnbó wọ̀nyẹn. Wọn kì í sàba, mo bá kó ẹyin wọn sábẹ́ adìẹ ìbílẹ̀ kan. Ó pa ọmọ 11. 5 nínú wọn ní àmì funfun lókè orí, bí ẹni fi ẹfun tọ́ ọ. Ọmọ mi tó wà ní yunifásítì ní àwọn alámì ni akọ, àwọn yòókù ni abo. Ìyàwó onílé ra 4 nínú àwọn alámì, ó ní òun ń sìn wọ́n de Kérésì. Wọ́n ti lé ní oṣù márùn-ún báyìí. Ìjẹta ló gbé ẹyin kan wá síwájú mi: "Àkùkọ yín ti yé o." Nínú àwọn tí èmi fi sílẹ̀ fún ẹyin, 3 ló ń kọ láti aago mẹ́rin òru! Kí ni mo ṣe?

Bàbá Àkùkọ: Ẹ pẹ̀lẹ́, Ìyá wa. Àkùkọ wo ló gun àwọn àgbébọ̀ náà? Kí ni àwọ̀ rẹ̀?

Ọmọ Ìṣẹ́yìn: Irú ẹ̀ ti ṣe mí rí. Mo ra ọmọ ọjọ́ kan 20, wọ́n ní abo ni gbogbo wọn, 9 ló di àkùkọ. Ẹyin ni kí ẹ máa wò kí ẹ tó kó o sábẹ́ adìẹ. Èyí tó ṣóńṣó lẹ́nu, akọ ni. Bí màmá mi ṣe ń ṣe é nìyẹn.

Bàbá Àkùkọ: Kò sí òótọ́ ńbẹ̀.

Ọmọ Ìṣẹ́yìn: Ṣé màmá mi lẹ ń pè ní òpùrọ́?

Alájá Olóko: Àwọn ará Japan máa ń tẹ ìdí ọmọ ọjọ́ kan wò.

Màmá Ìbejì: Ẹ má kọ́ ọ níyẹn o! Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n ṣe, ìfun ọmọ adìẹ ló máa tẹ̀ jáde. Ìyá Ẹlẹ́yin, ẹ̀yin lẹ kánjú. Tó bá ti di ọ̀sẹ̀ 12, ẹ wo ìyẹ́ ọrùn àti ìyẹ́ tó wà lẹ́yìn, nítòsí ìrù. Ti akọ gùn, ó ṣóńṣó, ó ń dán. Ti abo rí roboto lẹ́nu. Ogbe akọ á sì ti pupa kíkankíkan.

Ìyá Ẹlẹ́yin: Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ni wọ́n nígbà tí mo tà wọ́n, ogbe wo ni n bá rí? Ọmọ mi ò sì purọ́, ó fi hàn mí lórí fóònù.

Bàbá Àkùkọ: Àwọ̀ àkùkọ ni mo bi yín o.

Ìyá Ẹlẹ́yin: Abilà ni. Ọjọ́ kan náà ni mo ra òun àtàwọn àgbébọ̀ náà, wọ́n ní ọmọ ìyá ni wọ́n. Kí ló kan àkùkọ nínú ọ̀rọ̀ yìí? Adìẹ ìbílẹ̀ yẹn ni mo fura sí, torí 2 nínú àwọn ọmọ yẹn pupa rúsúrúsú. Bóyá ó yé tirẹ̀ mọ́ ọn.

Bàbá Àkùkọ: Háà. Ẹ jẹ́ kí adìẹ ìbílẹ̀ yẹn sinmi, kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Irú adìẹ pupa tí wọ́n ń pè ní Rhode Island Red ni bàbá irú adìẹ dúdú yín, irú abilà tí wọ́n ń pè ní Barred Plymouth Rock ni ìyá wọn. Abo adìẹ kì í fún ọmọ rẹ̀ tó jẹ́ abo ní ilà yẹn, akọ nìkan ló ń fún. Àmì orí ni ilà yẹn fi ń hàn lára ọmọ adìẹ dúdú, ìdí nìyẹn tí àmì orí fi ń jẹ́ ti akọ. Àmọ́ ìran kan péré ló ń ṣiṣẹ́ fún. Àkùkọ yín gba ilà lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, kò gbà á lọ́dọ̀ bàbá. Bó bá ń bímọ, bí ìdajì wọn ló máa nílà, akọ àti abo. Pupa tẹ́ ẹ rí, ti bàbá-bàbá wọn ló yọ jáde.

Màmá Ìbejì: Ẹ tún kánjú so ọmọ ìyá pọ̀.

Ìyá Ẹlẹ́yin: Kí n wá ṣe báwo?

Bàbá Àkùkọ: Ẹ wá àkùkọ pupa tí kò nílà rárá, kó máa gun abo tó nílà. Àmì orí á tún di ti akọ. Abo alámì yẹn gan-an lẹ nílò.

Ìyá Ẹlẹ́yin: Yéè! Ìyàwó onílé ti pa ọ̀kan lánàá. Èmi ni mo bá a tú u. Ẹyin kéékèèké tò sínú rẹ̀ bí ìlẹ̀kẹ̀. Ó ní èyí tó yé lọ́jọ́sí ṣì ńbẹ. Mo ń lọ bá a báyìí, mo ti di méjì nínú àwọn tó ń kọ lẹ́sẹ̀, kí n fi ṣe pààrọ̀.