Wọ́n yọ jẹjẹrẹ lójú màmá mi, ẹran pupa tún ti hù síbẹ̀

ọmọ_ọlọ́jà: Ẹ dákun ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ nípa ojú, ẹ gbà mí o. Ẹran funfun kan hù sẹ́gbẹ̀ẹ́ dúdú ojú òsì màmá mi, gbogbo ará ọjà ń sọ pé oòrùn àti eruku ni, wọ́n ní ká kán omi ọyàn sí i. Ìgbà tá a dé ọsibítù dókítà gé e, ó fi ránṣẹ́ fún àyẹ̀wò, ni rìsọ́ọ̀tì bá jáde pé jẹjẹrẹ ni. Ó ti lé lóṣù kan báyìí, ẹran pupa kan tún yọ lójú ibi tí wọ́n gé yẹn, tí nǹkan bá kàn án báyìí ẹ̀jẹ̀ ni, tí Màmá bá sì wo ẹ̀gbẹ́, ẹnì kan á di méjì lójú wọn. Ṣé ó ti padà ni? Dókítà tún ní kí wọ́n ṣe tẹ́ẹ̀sì HIV, Màmá gbaná jẹ, wọ́n ní ṣé aṣẹ́wó làwọn ni.

Nọ́ọ̀sì_Ìbàdàn: Ẹ farabalẹ̀ ná. Ẹ̀ka ojú ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ẹran pupa tó sáré yọ láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, tó ń ṣẹ̀jẹ̀, granuloma ló sábà máa ń jẹ́, egbò tó ń jinná ló hu ẹran láṣejù. Steroid kíkán lè mú un súnkì, tàbí kí wọ́n gé e. Ṣùgbọ́n n ò rí ojú Màmá o, jẹjẹrẹ yẹn náà máa ń padà, torí náà ohunkóhun tí wọ́n bá tún gé níbẹ̀, kí wọ́n fi ránṣẹ́ fún àyẹ̀wò. Ẹ má sì lọ ra steroid fúnra yín ní kẹ́mísì, ó lè ba ojú jẹ́ pátápátá. Ti ohun tó ń di méjì yẹn, ó lè jẹ́ àpá ló fa ojú mọ́ra, nígbà míì inú ìpéǹpéjú á lẹ̀ mọ́ ẹyinjú gan-an.

Àkànní_Èkó: Ẹ bá mi bẹ Màmá jàre. Nílẹ̀ Áfíríkà ńbí, oòrùn àti HIV wà lára ohun tó ń fa jẹjẹrẹ ojú yìí, kò sí ìwọ̀sí níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi náà ní in, tiẹ̀ ò padà, àmọ́ ibi tí wọ́n gé fẹ̀ létí dúdú ojú, ibẹ̀ sì làwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń tún iwájú ojú ṣe wà, ni iṣan ẹ̀jẹ̀ bá ń wọ́ bọ̀, ojú wá ń ṣe kùrukùru títí dòní. Ó ṣì ń wakọ̀ ṣá, n ò mọ bó ṣe ń ṣe é.

ọmọ_ọlọ́jà: Ẹ ṣé gan-an. Rìsọ́ọ̀tì rèé lọ́wọ́ mi, wọ́n kọ margins involved sísàlẹ̀, ẹnikẹ́ni ò ṣàlàyé ẹ̀ fún wa.

Nọ́ọ̀sì_Ìbàdàn: Háà. Ẹ má dúró de ọjọ́ apọ́ńtímẹ́ǹtì mọ́ o, lọ́la ni kẹ́ ẹ mú un lọ. Jẹjẹrẹ náà dé etí ibi tí ọ̀bẹ gbà, ó ṣeé ṣe kó ku díẹ̀ sílẹ̀. Ẹ bi dókítà nípa 5-FU, oògùn jẹjẹrẹ ni, kíkán náà ni. Wọ́n dán an wò ní Kẹ́ńyà lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, èsì ẹ̀ jáde ní 2016: láàárín ọdún kan ó padà lójú bí 11 nínú 100 àwọn tó lò ó, tàwọn tí ò lò ó tó 36. Ẹ̀ẹ̀mẹrin lóòjọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni wọ́n lò ó, á ta Màmá lójú, omi á máa dà, kí wọ́n má torí ẹ̀ jáwọ́. Àmọ́ kí dókítà kọ́kọ́ yanjú ẹran pupa yẹn ná.