Wáìnì funfun aládùn ní Sauternes, ṣé mo lè kàn yọjú síbẹ̀?

Arìnrìnàjò: Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin èèyàn mi, mo máa lo ọjọ́ mẹ́rin ní Bordeaux, mo sì fẹ́ lọ sí Sauternes nítòsí ibẹ̀, lọ wo ibi tí wọ́n ti ń ṣe wáìnì funfun tó dùn bí oyin yẹn, ṣé mo lè kàn yọjú àbí kí n sọ fún wọn ṣáájú?

Ẹlẹ́nu_dídùn: Sọ fún wọn ṣáájú o! Ọ̀pọ̀ château (oko àjàrà tí wọ́n ti ń ṣe wáìnì) ò ní dá ẹ lóhùn tó ò bá tíì búùkù. September sí November ni wọ́n ń kórè, ó dùn ún wò ṣùgbọ́n ọwọ́ wọn máa ń dí. Ìkùukùu odò Ciron ló ń jẹ́ kí àjàrà yẹn bu, omi inú ẹ̀ á gbẹ, ṣúgà á wá pọ̀, kìí sì í bu lẹ́ẹ̀kan náà, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń padà lọ ká a léraléra. Àjàrà tó ti bu o, ẹ wo nǹkan!

Ọmọ_ọ̀nà: Wọ tọ́réènì lọ sí Langon, ìlú tó wà nítòsí Sauternes, kó o wá gba takisí. Nígbà tí wọ́n to àwọn château yìí sí ipò ní 1855, Château d'Yquem nìkan ló wà nípò àkọ́kọ́ pátápátá lóòótọ́, àmọ́ má fojú di Barsac, abúlé tó wà nítòsí Sauternes, tiwọn máa ń fúyẹ́ díẹ̀, èmi fẹ́ràn ẹ̀ jù.

Arìnrìnàjò: Ẹ ṣé gan-an, Barsac ni màá kọ́kọ́ kọ̀wé sí.