Ṣé ó ti tó àsìkò láti lọ fi orúkọ sílẹ̀ ní rẹ́jísírì ìgbéyàwó?

Ẹ̀yin àgbà wa, mo kí yín o. Wọ́n ti ṣe ìdána wa, ọjọ́ 19 oṣù Kejìlá ni a sì mú fún ìsopọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Yaba. Pásítọ̀ ní àwọn kò ní so wá pọ̀ àfi bí a bá mú ìwé wá láti rẹ́jísírì. Mo fẹ́ lọ nínú oṣù Kẹjọ yìí kí ọkàn mi lè balẹ̀. Èbúté Mẹ́ta ni mò ń gbé, àfẹ́sọ́nà mi wà ní Ìbàdàn, n kò sì tíì pé ọmọ ọdún 21. Ǹjẹ́ èyí lè dí wa lọ́wọ́?

Ìyá Ìbejì: Ọmọ mi, má tíì lọ. Láti ọjọ́ tí ẹ bá ti fi ìfilọ̀ pé ẹ fẹ́ ṣe ìgbéyàwó sílẹ̀ ní rẹ́jísírì ni òfin ti ń ka oṣù mẹ́ta, bí ó bá sì pé kí ẹ tó ṣe ìgbéyàwó, òfo ni, ẹ óò tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Ti oṣù Kẹjọ yóò ti kú nínú oṣù Kọkànlá. Ní ìdà kejì, ọjọ́ 21 ni ìfilọ̀ náà gbọ́dọ̀ fi wà lára ilẹ̀kùn ọ́fíìsì, kí ẹni tí ó bá ní ohun tí yóò sọ lè sọ ọ́, kí wọ́n tó fún yín ní ìwé. Ìdajì oṣù Kẹwàá ló dára lójú tèmi. Bí wọ́n bá ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀kùn, ẹ dúró kà á dáadáa, orúkọ, iṣẹ́ àti àdírẹ́sì, nítorí akọ̀wé rẹ́jísírì máa ń kánjú.

Akọ̀wé Ìjọ: Ti Ìbàdàn kò ní wàhálà, bí ẹnìkan nínú yín bá ti gbé ní àgbègbè rẹ́jísírì náà fún ọjọ́ 15 kí wọ́n tó fún yín ní ìwé. Ti ọjọ́ orí ni kí ẹ mú ní pàtàkì: ẹni tí kò tíì pé ọdún 21 nílò ìwé ìyọ̀ǹda bàbá rẹ̀, tàbí ti ìyá bí bàbá bá ti kú. Ẹ sì béèrè bóyá ìjọba ti fún ṣọ́ọ̀ṣì yín láṣẹ láti so ìgbéyàwó, nítorí kì í ṣe gbogbo wọn ló ní in.

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó: Kí àfẹ́sọ́nà yín rí i dájú pé òun kò ti fi ìdána fẹ́ obìnrin mìíràn, ẹ jọ̀ọ́.

Ẹni tó béèrè: Ẹ ṣeun gan-an. Ìjẹ̀bú-Òde ni bàbá mi wà. Ṣé dandan ni kí wọ́n wá?

Akọ̀wé Ìjọ: Òfin kò béèrè bẹ́ẹ̀. Ìyọ̀ǹda tí wọ́n kọ, tí wọ́n sì fọwọ́ sí, ni ẹ óò so mọ́ ìwé ìbúra (àfídáfítì) tí ẹ óò ṣe kí wọ́n tó fún yín ní ìwé.