Òdòdó ló gbé mi lọ sí Ibirapuera, oṣé Ṣàngó ni mo bá níbẹ̀

Ẹ̀yin tí ẹ ń béèrè ibi tí èèyàn lè lọ ní São Paulo ní ilẹ̀ Brazil, ẹ gbọ́ tèmi. Oṣù Keje ni mo dé ọgbà Ibirapuera. Ìgbà òtútù wọn nìyẹn, òjò kì í fi bẹ́ẹ̀ rọ̀. Igi ipê á gbọn ewé rẹ̀ dànù, á wá yọ òdòdó bo gbogbo ẹ̀ka. Ẹni tó bá ti rí panṣẹ́kẹ́ tó tanná, kó yọ ewé rẹ̀ kúrò, kó sọ pupa rẹ̀ di fẹ́ẹ́rẹ́, bó ṣe rí gan-an nìyẹn. Èrò pọ̀ lábẹ́ igi tí wọ́n ń ya fọ́tò, ọ̀pọ̀ wọn ò sì wo ilé tó wà nítòsí.

Ilé ọ̀hún ni Museu Afro Brasil, ilé tí wọ́n ń kó ohun ìṣẹ̀ǹbáyé sí. Emanoel Araujo, oníṣẹ́ ọnà ọmọ ìpínlẹ̀ Bahia tó kú ní 2022, ló dá a sílẹ̀ ní 2004. Mo rí ère ìbejì, mo rí Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Ìyá àgbà kan dúró níwájú oṣé Ṣàngó. Ọjọ́ Ẹtì ni, aṣọ funfun ló wọ̀, bí àwọn ọmọ òrìṣà wọn ṣe máa ń wọ̀ ọ́ fún Ọbàtálá. Ó fi ìka kan ilẹ̀, ó fi kan iwájú orí, ó ní, “Kaô Kabiesilé!” Kí n tó mọ̀, ẹnu mi ti dáhùn: “Káwòó! Kábíyèsí!”

Ìyá yíjú padà, ó gbá ọwọ́ mi mú. Kò gbọ́ Yorùbá, èmi ò gbọ́ Potogí. (Ọmọ ìjọ ni mí o, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n bọ Ṣàngó nílé baba ìyá mi, ó wà lẹ́nu wa.) Ó ń nàka, ó ń dárúkọ wọn: Ogum, Oxóssi, Iemanjá. Èmi ń pè é padà bí a ṣe ń pè é nílé, ó ń rẹ́rìn-ín. Àwa méjèèjì la jọ rìn ibẹ̀ tán.

*

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìrìn o. Mo ti débẹ̀ rí, ṣùgbọ́n èmi ò ní ní kí ẹnikẹ́ni kọ́kọ́ lọ wo òdòdó. Ìdí ọkọ̀ ojú omi onígi tí wọ́n gbé kalẹ̀ nínú Museu Afro láti fi hàn bí wọ́n ṣe kó àwọn ẹrú wá ni kí wọ́n kọ́kọ́ wò. Mo dúró tì í títí ẹsẹ̀ fi ń ro mí. Mi ò rántí ya fọ́tò.

*

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Ìtòsí ibẹ̀ ni mò ń gbé. Ọ̀fẹ́ ni wíwọ ọgbà, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣí Museu Afro lọ́jọ́ Ajé. Ẹnu ọ̀nà 10 ló sún mọ́ ọn jù. Ẹni tí ipê pupa bá fò, kó dúró de aláwọ̀ ìyeyè ní nǹkan bí oṣù Kẹjọ. Kó má fi falẹ̀ ṣá, kì í ju nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan lọ lórí igi.